Bí A Ṣe Ń Yẹ Ohun Ọnà Eyín Erin Wò: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Bá A Nínú Ẹrù Àgbà ní Èkìtì

Nígbà tí a tú ẹrù bàbá wa àgbà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lẹ́yìn ìsìnkú, a bá ohun mẹ́rin tó funfun bí eyín nínú àpótí kan tó ti wà lórí àjà fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìrọ́kẹ́ Ifá kan, ẹ̀gbà ọwọ́ kan tó fẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ kan tí irun rẹ̀ ti jẹ tán ṣùgbọ́n tí èèkù rẹ̀ ṣì ń dán, àti ère ọ̀bọ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò lè sọ bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnì kan ní kí a tà wọ́n. Òmíràn ní kí a kó wọn sínú iná nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn méjèèjì lọ, mo fi ọṣẹ dúdú àti omi gbígbóná fọ ìrọ́kẹ́ náà, mo sì sá a sóòrùn nínú ọyẹ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tó fi sán láti ìdí dé àárín.

Ẹni tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, ìbáà jẹ́ ní Adó, ní Ìjerò, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní abúlé tí iná mànàmáná kò dé. Kí a tó máa bèèrè ẹni tó gbẹ́ nǹkan náà àti iye tó tó, eyín fúnra rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò, nítorí eyín ló pàṣẹ fún agbẹ́nà. Ẹni tó bá mọ bí eyín ṣe rí yóò mọ ìdí tí ẹ̀gbà ọwọ́ Ọ̀wọ̀ fi rí bó ṣe rí, yóò sì mọ ìdí tí ìrọ́kẹ́ Ifá fi tẹ̀ bí ìwo.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ palẹ̀ mọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kò gbọdọ̀ sí epo, àdín tàbí ìpara lọ́wọ́ yín, nítorí eyín erin a máa fa ọ̀rá, a sì máa gba àwọ̀ sára. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú funfun sórí tábìlì tó wà nítòsí fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí tààrà. Ẹ wá awò tí ń mú nǹkan tóbi, tàbí kí ẹ lo kámẹ́rà fóònù tó ríran dáadáa. Ẹ wá rúlà, òṣùwọ̀n kékeré, àti tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ ayédèrú náírà wò. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi gbé e. Ibi tó yọ jáde lára ọnà náà, bí orí ẹyẹ tàbí apá ère, kì í ṣe ibi ìdìmú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ṣé eyín erin ni lóòótọ́?

Ẹ yí i dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀ níbi tí ayùn ti gé eyín ní ìbú. Bí ó bá jẹ́ ti erin, ẹ ó rí àwọn ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀, tí wọ́n ń dábùú ara wọn bí ìhun ẹní. Kò sí ẹran mìíràn tó ní irú ìlà yìí àfi erin àti ìbátan rẹ̀ onírun tó gbé ilẹ̀ òtútù kó tó run, èyí tí wọ́n ń pè ní mammoth. Láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ mú igun ìwé kan, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìlà méjì ti dábùú ara wọn nítòsí etí ìta, nítorí ti àárín lè ṣini lọ́nà. Igun ìwé jẹ́ 90 dìgírì. Bí igun ìlà bá fẹ̀ jù ú lọ dáadáa, tó kọjá 115, erin òde òní ni. Bí kò bá tó 90, mammoth ni. Ẹ má ṣe wá ìhun ẹní yìí ní ẹ̀gbẹ́ nǹkan náà, torí ní ìdúró, ńṣe ni àwọn ìlà máa ń tẹ̀ lé ara wọn ní gígùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti torí àìmọ èyí pe eyín gidi ní ayédèrú.

Eegun ló máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Èèkù ìrùkẹ̀rẹ̀ wa kún fún àmì tíntìntín, bí ẹni pé wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ gún un káàkiri, tí ìdọ̀tí sì ti kún ojú wọn. Ihò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú eegun nígbà tí ẹran wà láàyè ni àwọn àmì yẹn, eyín erin kò sì ní wọn. Eegun màlúù ni èèkù náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìrùkẹ̀rẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ di yẹpẹrẹ, nítorí ọwọ́ tó dì í mú ló fún un níyì.

Eyín erinmi kò ní ìlà tó ń dábùú ara wọn. Àwọn ìlà tó ṣe kóńkó, tó yí ara wọn ká ló ní, èyí tó tóbi ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ sì ní igun mẹ́ta bí a bá gé e ní ìbú. Eyín ìmàdò tí àwọn ọdẹ wa máa ń kó wálé kéré, ó sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Àwọn ará ilẹ̀ yìnyín ní òkè àríwá ayé ń lo eyín walrus, ẹran òkun kan tí inú eyín rẹ̀ rí bí ẹ̀kọ tó dì mu, tí kókó sì wà nínú rẹ̀. Èso ọ̀pẹ kan tún wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní tagua, tó máa ń le tó sì funfun bí eyín erin nígbà tó bá gbẹ, ṣùgbọ́n kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, nítorí náà ohun tó bá tóbi kò lè jẹ́ òun.

Ó ku ike. Láti nǹkan bí ọdún 1870 ló ti ń fara jọ eyín erin, nígbà tí John Wesley Hyatt ní Amẹ́ríkà ṣe celluloid jáde, nítorí pé wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò fi ṣe bọ́ọ̀lù bílíádì dípò eyín. Ọ̀bọ wa fúyẹ́, kò tutù lọ́wọ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá níbi tí ojú ìdà méjì ti pàdé. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì àlùkò sí wọn nínú òkùnkùn, ìrọ́kẹ́ àti ẹ̀gbà ọwọ́ tàn ní funfun tó fà sí búlúù, ọ̀bọ náà sì dúró ní ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ rántí pé tọ́ọ̀ṣì yìí kò lè ya eegun kúrò lára eyín, nítorí àwọn méjèèjì ló ń tàn.

Ẹnì kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọná, kí ẹ fi gún un. Ẹ má dán an wò. Yóò fi ojú àpá sára eyín gidi títí láé, bó bá sì jẹ́ celluloid, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibo lára eyín ni wọ́n ti gé e?

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Eyín erin tí à ń sọ yìí jẹ́ eyín iwájú tó gùn jáde. Ó tẹ̀, ó ń tín-ínrín lọ sí orí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ láti ìdí sì ṣófo nínú. Agbẹ́nà kankan kò lè sá fún nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí, ì báà jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ tàbí ará Ṣáínà.

Ibi tó ṣófo ló ń di ẹ̀gbà ọwọ́, nítorí ó ti yí po fúnra rẹ̀. Àwọn agbẹ́nà Ọ̀wọ̀, aládùúgbò wa ní ìlà-oòrùn, mú un dé ibi tí kò rọrùn láti gbàgbọ́: láti inú eyín kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ̀gbà méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì, tí wọ́n sì ń mì láìjá kúrò lára ara wọn. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí kò bá sí, iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni. Ibi tó ṣófo yìí kan náà ni àwọn agbẹ́nà Mùsùlùmí ní Córdoba, ní ilẹ̀ tó di Sípéènì lónìí, fi ń ṣe agolo onídèérí. Èyí tí wọ́n gbẹ́ fún ọmọ ọba kan tó ń jẹ́ al-Mughira ní ọdún 968 wà ní mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Párísì, lẹ́tà Lárúbáwá sì yí ìdérí rẹ̀ ká. Ìlú méjèèjì kò gbúròó ara wọn rí. Eyín ló kọ́ wọn ní ohun kan náà.

Orí eyín, níbi tó ti tín-ínrín tó sì tẹ̀ díẹ̀, ni ìrọ́kẹ́ Ifá ti ń wá. Ẹ gbé tiyín dúró kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá tẹ̀ bí ìwo, tí ojú kékeré kan sì wà ní àárín níbi tí iṣan eyín ti kọjá, orí eyín ni. Apá mẹ́ta ló sábà máa ń ní: ṣóńṣó òkè, obìnrin tó kúnlẹ̀ ní àárín, àti ìdí, tí wọ́n máa ń dá ṣófo nígbà mìíràn kí ahọ́n kékeré lè máa dún nínú rẹ̀ bí agogo. Babaláwo ń fi í lu ọpọ́n Ifá láti pe Ọ̀rúnmìlà. Bí agbẹ́nà ṣe tẹ̀ lé eyín ni a tún rí lára àwọn ère Màríà tí wọ́n gbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún 13 àti 14: ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ìyá tó gbé ọmọ sí ìbàdí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe tẹ̀.

Láti àárín tó kún ni wọ́n ti ń la pátákó. Ní Róòmù àtijọ́ àti Constantinople, ẹni tí wọ́n bá fi joyè kọ́ńsúlì a máa pín wálàá méjì tí wọ́n so pọ̀ bí ìwé, ọnà níta, ìda ìkọ̀wé nínú. Oyè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́yìn ọdún 541, wálàá náà sì bá a lọ. Ìbòjú Ìyọba Idia ti Ìbínní, tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ láti ìgbà FESTAC ní 1977, wá láti ibi tó fẹ̀ jù lára eyín. Iṣẹ́ ọ̀rúndún 16 ni, orí àwọn Potogí kéékèèké wà lára adé rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì kó o ní 1897. Ẹgbẹ́ agbẹ́nà ààfin tí wọ́n ń pè ní Igbesanmwan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Bí wọ́n bá pa erin nílẹ̀ Ìbínní, eyín kan jẹ́ ti Ọba, òun náà ló sì kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti ra èkejì.

Ibi tó kún náà ni àwọn agbẹ́nà Guangzhou ní Ṣáínà ti ń ṣe bọ́ọ̀lù inú bọ́ọ̀lù. Wọ́n á lu ihò láti ìta dé àárín, wọ́n á wá ki irin tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ wọ inú ihò náà láti gé awẹ́ kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì, kí gbogbo rẹ̀ lè máa yí nínú ara wọn. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀ rárá.

Bí ó bá jẹ́ odindi eyín ni wọ́n fín, ẹ bi ara yín léèrè ẹni tí wọ́n fín in fún. Ti Ìbínní, tó ń dúró lórí ère orí idẹ ní ojú ìbọ àwọn ọba, ní àwòrán ọba àti ìjòyè ní ìpele ìpele. Ti Loango ní etíkun Congo ní ọ̀rúndún 19 ní ọ̀wọ́ ènìyàn tó yí eyín ká bí àjàrà láti ìdí dé orí, aláàárù àti oníṣòwò, nítorí àwọn òyìnbó tó wá rajà ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ tà fún. Ti fèrè tún rọrùn: ti ilẹ̀ Áfíríkà máa ń ní ihò ìfọn ní ẹ̀gbẹ́, èyí tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn Potogí ní Sierra Leone sì máa ń ní i ní orí, bí òyìnbó ṣe ń fọn ún.

Àwọn kéékèèké ló kù. Netsuke ti Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ nítorí pé kimono, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, kò ní àpò bí agbádá wa. Wọ́n á fi okùn so àpótí oògùn tàbí àpò tábà, wọ́n á gba okùn náà lábẹ́ ìgbànú, wọ́n á sì so ère kékeré kan mọ́ orí rẹ̀ kó má bàa yọ́. Nítorí náà, netsuke gidi gbọ́dọ̀ ní ibi tí okùn gbà, tó sábà máa ń jẹ́ ihò méjì, kò gbọdọ̀ ní ṣóńṣó tó lè fa aṣọ ya, ara rẹ̀ sì máa ń dán níbi tó ti ń fara ra aṣọ. Ọ̀bọ wa ní ihò méjì, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tó ń ṣe àfarawé rẹ̀. Àwọn Lega ní ìlà-oòrùn Congo náà ń gbẹ́ ère kéékèèké, ṣùgbọ́n àwọn tó ti dé ipò gíga nínú ẹgbẹ́ Bwami nìkan ló ní in, epo tí wọ́n sì fi ń pa á lára ló sọ ọ́ di àwọ̀ igi. Ní ti àwọn ọmọ ayò chess tí wọ́n rí ní erékùṣù Lewis ní Skọ́tláńdì ní 1831, eyín walrus ló pọ̀ jù nínú wọn. Eyín yẹn kò nípọn, ìdí nìyí tí ọba àti ayaba ibẹ̀ fi jókòó ká gúlútú.

Èyí tó dàgbà jù tí mo lè tọ́ka sí ni ọkùnrin olórí kìnnìún ti Jámánì, tí wọ́n gbẹ́ láti inú eyín mammoth ní nǹkan bí 40,000 ọdún sẹ́yìn. Àfọ́kù rẹ̀ ni wọ́n wú jáde ní 1939, ó sì ga tó 31 sẹ̀ǹtímítà. Mùsíọ́ọ̀mù ìlú Ulm ló wà. Ó yà mí lẹ́nu pé ní ìlú Ulm kan náà ni ọpọ́n Ifá onígi kan wà, tí wọ́n kó láti Àláàdá, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, kí ọ̀rúndún 17 tó dé ìdajì tàbí ní àyíká ìgbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka ojú ìlò

Iṣẹ́ tí a lò máa ń fi ara hàn. Ẹ wo ibi tí ìka ń dì mú, bóyá ó ti dán ju ìyókù lọ. Ẹ wo bóyá imú àti ọmú ère ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí ìfọwọ́rà. Bí osùn pupa bá wà nínú ọnà tí wọ́n fín, ẹ má họ ọ́ kúrò, nítorí ẹ̀rí ìlò ni. Ìyẹn ni mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ dànù lára tiwa, kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà dá a padà. Àwọn ayédèrú ọnà inú ọjà máa ń pọ́n bákan náà láti òkè dé ilẹ̀, nítorí tíì tàbí èéfín ni wọ́n fi pa á láró, nígbà tí ti gidi máa ń pọ́n níbi kan tó sì máa ń funfun níbòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè àti ìdí, kí rúlà wà nínú àwòrán náà. Ẹ wọn gíga àti ìbú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àgbà tó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ sì bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ ní in, ohun tó fi ń ṣe, àti ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e jáde. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó bá yọ̀ǹda. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ìwé wà nípa Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀-Èkìtì, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tó sì kú ní 1938. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀pọ̀ agbẹ́nà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọnù nítorí pé kò sẹ́ni tó bèèrè nígbà tí àwọn tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìtọ́jú nínú òjò àti nínú ọyẹ́

Eyín erin ń wú nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń sún kì nígbà tó bá gbẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà ní gígùn àti ní ìbú. Ìdí nìyí tó fi máa ń sán ní gígùn. Ní Èkìtì wa, níbi tí òjò ń pọ̀ títí dé oṣù kẹwàá tí ọyẹ́ sì ń já lójijì, ìyípadà yẹn ni ọ̀tá, ju òtútù tàbí ooru lọ. Àjà abẹ́ páánù ni ibi tó burú jù láti gbé e sí. Ẹ gbé e sí yàrá àárín ilé, nínú àpótí onígi tàbí páálí tó nípọn, kí ẹ fi aṣọ òwú funfun wé e. Aṣọ àdìrẹ tàbí aṣọ aláwọ̀ lè tẹ àwọ̀ sí i lára, rọ́bà tí a fi ń di owó lè sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú, bàbà àti idẹ sì lè kó àwọ̀ ewé sí i. Ẹ ṣọ́ èkúté, nítorí ó ń jẹ eyín.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni kí ẹ fi gbọn eruku rẹ̀. Omi, ọṣẹ, kàn-ìn-kàn-ìn, ọsàn wẹ́wẹ́ àti bíléèṣì kò gbọdọ̀ kàn án. Òótọ́ ni pé Agatha Christie, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, fi ìpara ojú rẹ̀ nu àwọn eyín erin tí ọkọ rẹ̀, Max Mallowan, ń wú jáde ní ìlú àtijọ́ Nimrud ní Ìráàkì, ó sì sọ pé ó ṣiṣẹ́. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ tẹ̀ lé e. Bó bá ti sán, ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí i, torí bí ọyẹ́ bá tún dé, gọ́ọ̀mù náà yóò fa ibòmíràn ya. Mo máa ń fi rúlà wọn ojú sísán ìrọ́kẹ́ wa ní ọdọọdún.

Ìgbésẹ̀ keje: Òfin

Láti 1989 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti fòfin de òwò eyín erin Áfíríkà láàárín orílẹ̀-èdè. Ṣáínà ti ọjà tirẹ̀ pa ní òpin ọdún 2017, òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2018 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ní Nàìjíríà níbí, ìjọba lọ eyín tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, di ìyẹ̀fun ní oṣù kìíní ọdún 2024. Òfin mùsíọ́ọ̀mù ti ọdún 1979 tún ka ohun ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, pẹ̀lú èyí tó níyì nínú ìtàn tàbí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n sì ti lò fún ètùtù ìbílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè láìsí ìwé àṣẹ.

Nítorí náà, ẹ má ra tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ọnà rẹ̀ dára tó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ti ilé rẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, mùsíọ́ọ̀mù Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí wa, kí ó sì mú àwòrán àti àkọsílẹ̀ lọ ṣáájú kó tó gbé nǹkan náà fúnra rẹ̀. Bí ọmọ yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀n bá sì bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ẹ̀gbà ọwọ́ bàbá àgbà ránṣẹ́, àwòrán rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ọ̀bọ ike nìkan ló tíì kúrò nínú àpótí wa: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbà á, ó ti ki okùn bọ ihò rẹ̀ méjèèjì, ó sì so ó mọ́ báàgì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.